Ètò Dàrú, Ọjọ́ Méjìlá Ṣẹ́ Kù

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ètò tí ẹ ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún kan bá dàrú lójijì, kí ni ẹ máa ń ṣe sí àwọn ọjọ́ tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un? Owó tó bá a lọ, a máa ń kà á. Ìtìjú tó wà níbẹ̀, a kì í gbàgbé rẹ̀. Àwọn ọjọ́ yẹn fúnra wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń jókòó sílé, tí a ó máa kùn títí ọjọ́ á fi tán, tí a ó wá fi ìbínú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ irú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu ọkọ mi kí n tó kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ òun náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ọdún 27 rèé tí wọ́n gbé e wá sí Kàlàbá, ibí sì ni àwọn ìbejì wa ti gbọ́ Efik kí Yorùbá tó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kẹ́hìndé wà ní Èkó báyìí. Táíwò wà lókè òkun, ó sì ti bímọ fún wa, ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, orí fóònù nìkan ni a sì ti ń rí i. Nítorí náà la ṣe ṣètò pé kí àwa méjèèjì lọ kí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Bàbá Ìbejì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ẹni tó bá fẹ́ aṣọ Kérésìmesì, kó tètè mú un wá. Tí a bá ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ méjìlá ló wà lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsinmi náà ni èsì ìwé ìrìnnà wa dé. Wọ́n kọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣojú tó kọ ìwé náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé kò dá àwọn lójú pé tí a bá dé ọ̀hún, a ó padà sílé. Mo kà á sókè ní pálọ̀. Bàbá Ìbejì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó wá ní, "Ilé wo ni wọ́n ń sọ?"

Èmi kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ẹ mọ òfin iṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ilé ló ń lọ. Oṣù Kẹta tó ń bọ̀ ni Bàbá Ìbejì yóò pé 60. Ìdànrè ni wọ́n ti bí i. Èmi, Ìṣẹ́yìn ni mo ti wá. Láti bí ọdún méjì la ti ń yí ìbéèrè kan po láìfẹnu kàn án: tí iṣẹ́ bá tán, ṣé Kàlàbá ni a ó máa gbé, àbí a ó kó lọ sí Ìdànrè? Òun á sọ pé òun fẹ́ lọ wo òrùlé ilé bàbá òun. Èmi á ní mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí ìkejì ń wí, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ṣé ẹ rí i, nínú ìjọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi báyìí, kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ìbéèrè yẹn wà. Ó wà nílé tó pọ̀ nínú yín tó ń ka ìwé yìí.

Ní ọjọ́ Sátidé, àgùnbánirọ̀ kan tó ń jọ́sìn lọ́dọ̀ wa wá kí wa. Ó ti gbọ́ ìròyìn. Ọmọ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn ká àwọn òkè àti igbó ìpínlẹ̀ yìí. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọdún mélòó lẹ ti lò ní Cross River?" A ní 27. Ó ní, "Ẹ ti dé Obudu rí?" A wo ara wa. A kò dé ibẹ̀ rí. Ìpàdé ń bẹ, ìgbéyàwó ń bẹ, owó ilé ìwé ń bẹ. Gbogbo ìgbà tí a bá sì ní àyè, ọ̀nà ilé la máa ń kọjú sí. Ọmọ náà ní òun ní báàgì ẹ̀yìn méjì àti àgọ́ kékeré kan tí òun lè yá wa.

Mo rò pé Bàbá Ìbejì yóò rẹ́rìn-ín ni. Ó kàn bi í pé, "Báàgì yẹn, ṣé ó ní okùn tó nípọn?"

Ẹ wá wò mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè nígbà tí mo ń di ẹrù. Aṣọ àńkárá mẹ́fà, bàtà méjì, áyọ́ọ̀nù, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, ìkòkò kékeré, agboòrùn. Bàbá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù lọ ni?" Àgùnbánirọ̀ yẹn fi òfin kan lélẹ̀ fún wa: ohunkóhun tí ẹ kò bá lè gbé rìn fún wákàtí kan láìjókòó, ẹ má gbé e. Bí mo ṣe ń yọ, báàgì ń fúyẹ́. Níkẹyìn, mo gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹrù mi, mo tún gùn ún láìsí ẹrù: kílò 7 ni tèmi, 11 ni ti Bàbá Ìbejì. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìpààrọ̀ méjì méjì, ìró kan, ẹní fẹ́lẹ́, àgọ́, tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, gàárì, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, iyọ̀, ike omi, oògùn ibà, oògùn ara ríro àti àpò iyọ̀ onísúgà tí wọ́n ń pò fún ẹni tó bá ń yàgbẹ́. Mo rántí bí Olúwa wa ṣe rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jáde tó ní kí wọ́n má tilẹ̀ mú àpò dání. Mo ní lọ́kàn ara mi pé àwa kò tíì dé ìpele yẹn, àmọ́ a ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdé la gbéra. Ọkọ̀ gba Akamkpa àti Ugep, ọ̀nà jágbajàgba, a sì dé Ikom nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ikom, ìlú kòkó ni. Láti ibẹ̀ dé Etung lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, kòkó ni àgbẹ̀ fi ń jẹun. Àkókò ìkórè sì ni oṣù Kejìlá. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni òórùn náà kò wá, òórùn kòkó tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan díẹ̀, tí wọ́n wá sá sóòrùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kíkan ló ń rùn. Bàbá Ìbejì dúró láàárín gáréèjì pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó kàn ń fa imú. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tó bí i ní Ìdànrè, orí kòkó ni owó ilé ìwé rẹ̀ ti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jí, ó ti lọ bá ọkùnrin kan níbi tó ń sá kòkó sí. Mo bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó sórí ẹní. Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá Ìbejì kò gbọ́ èdè rẹ̀, Píjìn ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀. Inú ọkọ mi dùn ju bí mo ṣe rí i láti ọdún yẹn wá. N kò sọ nǹkan kan. Mo kàn fi í sọ́kàn.

Láti Ikom a wọ ọkọ̀ ọ̀nà Ogoja lọ sí Alok, níbi tí àwọn òkúta gbígbẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òkúta dúdú ni wọ́n, wọ́n nà róró lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ gbẹ́ ojú, ẹnu, irùngbọ̀n àti ìdodo sí wọn lára. Káàkiri agbègbè Ikom, wọ́n tó nǹkan bí 300, àwọn kan sì wà ní òbìrìkìtì bí ẹni pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Akwanshi ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní Atal. Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara rí, níbi tí ère òkúta ti lé ní ẹgbẹ̀rún, yóò rántí ibẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti Ẹ̀sìẹ́ jókòó, tàwọn ti Alok dúró. Ẹni tó mú wa káàkiri sọ pé baba ńlá ni òkúta kọ̀ọ̀kan dúró fún. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń wo wọn. Wọn kò kúrò níbi tí wọ́n wà láti ayébáyé, mo sì ń bi ara mi pé ṣé báyìí náà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lè ní ó ní ilé?

Ọjọ́ kẹta ni ìrìn ẹsẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lójú títì tó ń lọ sí Obudu la ti sọ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Boki, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ Buanchor lábẹ́ òkè Afi. Ọlọ́kadà rọ̀ wá títí. Bàbá Ìbejì ní, "A dúpẹ́, ẹsẹ̀ la fẹ́ lò." Ọlọ́kadà wo irun funfun orí rẹ̀, ó mi orí, ó lọ. Wákàtí mẹ́rin ni a fi rìn ín pẹ̀lú ìsinmi. Okùn báàgì jẹ mí léjìká, mo fi ìró ṣe òṣùká sábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí mo ń pọnmi ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́, a kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́: kì í ṣe irú àìsọ̀rọ̀ ti ilé. Ti ilé, ṣe ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Èyí, ẹsẹ̀ ló ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Buanchor ni ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill wà. Ojú wọn dúdú bí èédú, ìrù wọn kúrú, akọ wọn tóbi gan-an. Ní gbogbo ayé, apá ibí yìí, apá kan Kamẹrúùnù àti erékùṣù Bioko nìkan ni ẹ ti lè rí wọn nínú igbó. Ìtàn ọgbà náà wọ̀ mí lára. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Liza Gadsby àti Peter Jenkins, ni wọ́n ń rìnrìn àjò kiri Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1988 tí wọ́n dé Kàlàbá. Kì í ṣe ọ̀bọ ló gbé wọn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ọmọ drill tí ọdẹ ti pa ìyá wọn, wọ́n dúró tọ́jú wọn, nígbà tó sì di 1991, wọ́n ti dá iṣẹ́ ìtọ́jú náà sílẹ̀ ní Kàlàbá. Àwọn tó ń kọjá lọ ló di ẹni tó dúró. Nínú òkè tó yí ibẹ̀ ká náà ni àwọn ìnàkí kan wà tí gbogbo wọn kò tó 300 mọ́ láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ rò pé wọ́n ti tán pátápátá ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó tún rí wọn ní àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 2020, kámẹ́rà tí wọ́n dè mọ́gi ní òkè Mbe ya àwòrán wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. A kò rí ìnàkí kankan o, kí n má parọ́. Àwọn drill la rí, a sì gbọ́ ariwo wọn ní gbogbo òru.

Òru yẹn la kọ́kọ́ sun inú àgọ́. Ọkùnrin ẹni 59 ọdún àti obìnrin ẹni 54, nínú nǹkan tí kò ju àpótí aṣọ lọ! Nígbà tí òun bá yí padà, èmi náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ó tó ìgbà wo tí a ti sùn sún mọ́ra báyìí?" Mo ní, "Kí wọ́n tó bí ìbejì ni, ní yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ní Àkúrẹ́." A rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi wúkọ́ níta.

Ní ọjọ́ Sátidé a wọkọ̀ dé ìlú Obudu, a sinmi lọ́jọ́ Àìkú, a sì lọ jọ́sìn ní ilé ìjọsìn kékeré kan tí a kò gbọ́ èdè wọn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n gbé wa dé ìdí òkè ní Obanliku. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ga tó nǹkan bí mítà 1,600 ju ojú òkun lọ. Nítorí òtútù àti koríko tútù tó wà níbẹ̀ ni àwọn òyìnbó Scotland fi dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Ọkọ̀ orí wáyà wà tí wọ́n ṣe láti máa gbé èèyàn gòkè, wáyà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 4. Títì wà pẹ̀lú, kìlómítà 11, ó ń lọ́ bí ejò, kọ́nà 22 ló ní. Títì yẹn ni àwọn eléré ìje orí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní 2005. Àwọn kò ju wákàtí kan lọ lórí rẹ̀. Àwa gbéra ní aago méje àárọ̀.

Bàbá Ìbejì gé igi kan ṣe ọ̀pá nítorí orúnkún rẹ̀. A fi ẹnu sí i pé ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan a ó dúró, a ó mumi, a ó sì ka iye rẹ̀. Ní kọ́nà keje, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó lórí òkúta, kò wo ojú mi, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Tí mo bá padà sí Ìdànrè, ṣé wàá bá mi lọ?"

Ẹ̀yin ará, ọdún méjì la fi ń sá fún gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ní ilé, ǹ bá ti dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ lórí òkè. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn dé kọ́nà tó kàn, màá dá yín lóhùn."

Ní kọ́nà kẹjọ mo sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀rù ń bà mí. Ìdànrè, ìlú yín ni, kì í ṣe tèmi. Tí mo bá dé ibẹ̀, ìyàwó ilé ni mo tún máa jẹ́ lẹ́ni ọdún 54, tí màá máa kúnlẹ̀ kí ìyàwó àgbà tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù. Níbí, èmi ni ìyá aránṣọ. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti lé ní 30. Kàlàbá nìkan ni ìlú tí àwa méjèèjì ti jọ jẹ́ àlejò, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ọ̀nà han ẹnì kejì."

Kò fèsì. A gun kọ́nà mẹ́ta sí i. Ní ìkọkànlá ni òun náà ṣí tirẹ̀. Ó ní, "Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ní oṣù Kẹrin, èmi á jí láàárọ̀, ìwọ á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, èmi á jókòó. Níbí, iṣẹ́ mi ni wọ́n fi mọ̀ mí. Tí iṣẹ́ bá lọ, ta ni mí? Ní Ìdànrè, oko bàbá mi wà níbẹ̀, igi kòkó rẹ̀ ti darúgbó, kò sẹ́ni tó ń tún un gbìn. Níbẹ̀, ọmọ ẹnì kan ni mí."

Ọdún 29 ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. N kò mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba irú rẹ̀. Mo rò pé ìlú rẹ̀ ló ń pè é. N kò mọ̀ pé ọ̀ràn àìríṣẹ́ṣe ló ń lé e. Òun náà sọ pé òun rò pé owó ṣọ́ọ̀bù ni mo ń wò, òun kò mọ̀ pé ipò ìyàwó ilé ni mo ń sá fún. Ẹ wò ó, ẹni méjì ló ń jà lórí ìlú méjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì sí nínú ìlú kankan nínú méjèèjì.

Aago kan ọ̀sán kọjá kí a tó dé orí òkè. Ìkùukùu bo ibẹ̀, a kò rí ju ọwọ́ wa lọ, nígbà tó sì ká, àwọn òkè kéékèèké tò lọ títí bí ìṣẹ́po aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀. A gba yàrá kan lọ́wọ́ obìnrin Becheve kan tó ń ta oyin. Òtútù mú wa débi pé gbogbo aṣọ inú báàgì la wọ̀ papọ̀, tó fi mọ́ ìró. A lo òru mẹ́ta níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti sọ ìtàn tí mo ti gbọ́ rí tí n kò fetí sí. Orí òkè ni Ìdànrè wà tẹ́lẹ̀. Ààfin, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé, òkè ni gbogbo wọn wà, tí èèyàn sì ní láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kó tó débẹ̀ lónìí. Ní 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbẹ́rù sórí sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ́ ará Ìdànrè. Ìlú tó wà lókè kò bá èyí tó wà nísàlẹ̀ jà. Wọ́n máa ń padà gòkè lọ ṣọdún."

Nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni a ti rí ibi fi ẹsẹ̀ lé. A fẹnu kò pé lọ́dún àkọ́kọ́, òun yóò lọ sí Ìdànrè ní àsìkò kòkó, láti oṣù Kẹsàn-án, yóò tún oko bàbá rẹ̀ gbìn. Èmi yóò wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ Kérésìmesì jíṣẹ́, èmi náà á lọ bá a, mo sì ti sọ fún un pé n kò ní gbé inú agbo ilé: yàrá tiwa lọ́tọ̀ ni. Ó gbà. Lẹ́yìn ọdún kan a ó tún un wò. A kò tíì yanjú gbogbo rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ á sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà á béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ pé ọkọ mi dà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìdáhùn báyìí.

Kí n má ṣe bí ẹni pé òkè gígùn wo gbogbo nǹkan sàn. Ọmọ-ọmọ wa ṣì wà lókè òkun, a kò tíì gbé e pọ̀n. Ọjọ́ kan tí a rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan, a pe Táíwò, ó gbé ọmọ sí fóònù, ọmọ náà ń wo fìlà onírun lórí bàbá bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Inú wa dùn, ó sì dùn wá. A ó tún kọ̀wé. Tí wọ́n bá tún bi wá níbo ni ilé wa, ó kéré tán, a mọ ohun tí a ó kọ.

Ní báyìí, ẹ̀yin tí ètò yín dàrú, tàbí tí yóò dàrú lọ́la, ẹ gbọ́ tèmi. Owó tó bọ́ kò ṣeé mú, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ náà ṣì jẹ́ tiyín. Kò pọn dandan kó jẹ́ òkè. Tí ẹ bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ẹ lo àsìkò tí òjò ti dá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti ará ìlú bóyá ọ̀nà dára kí ẹ tó lọ, ẹ má rìn lóru, ẹ gba ẹni tó mọ ọ̀nà tí ẹ bá fẹ́ wọgbó. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń sùn lálaalẹ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Àwa, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá la fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má wọ bàtà tuntun. Ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì yọ ìdajì rẹ̀.

Tí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ti ń gbé kiri nínú ilé láìsọ ọ́, ẹ mú ẹni tó kàn dání. Ẹ rìn jìnnà sí ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Àwọn báàgì náà ti padà sọ́wọ́ àgùnbánirọ̀ wa, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ yá wọn nínú ìjọ lè wá. Ẹ tètè wá o, torí Bàbá Ìbejì ti ń bèèrè wọn fún Ọdún Àjíǹde.